Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti Ẹgbẹ́ Ìmọ̀ fún Àwọn Olùwádìí Ènìyàn àti Àyíká

Nígbà tí olùwádìí kan bá dé ìletò kan ní agbègbè Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ láti bèèrè bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń tọ́jú igbó, omi àti ilẹ̀ wọn, ẹni àkọ́kọ́ tí a sábà máa ń pè wá fún un ni olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Òun ni ó mọ ìwé, òun ni ó gbọ́ èdè ìlú, òun ni àwọn àgbà sì fọkàn tán. Olùwádìí a ka ìbéèrè ní èdè Faransé, olùkọ́ a sọ ọ́ di Yorùbá, àgbà a dáhùn, olùkọ́ a tún sọ ìdáhùn náà di Faransé. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, olùwádìí a kó ìwé rẹ̀, a lọ. Olùkọ́ a padà sí kíláàsì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í gbọ́ ohun tí a rí nínú iṣẹ́ náà mọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó dáhùn ìbéèrè náà kì í gbọ́ ọ.

Ìṣe yìí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní àǹfààní tó bí ó ti yẹ. Olùwádìí pàdánù ẹni tí ì bá ràn án lọ́wọ́ láti lóye ohun tí ó gbọ́; ìlú pàdánù ìmọ̀ tí ó ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ jáde; olùkọ́ fúnra rẹ̀ kò kúrò ní ipò ògbufọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdajì iṣẹ́ náà ni ó ṣe. Bẹ́ẹ̀ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àti ẹgbẹ́ wà lónìí, ní ìtòsí àti ní òkèèrè, tí wọ́n ń kọ́ni ní iṣẹ́ ìwádìí yìí, tí wọ́n sì ń so àwọn tí ń ṣe é pọ̀. Àlàyé tí ó tẹ̀lé e yìí dá lórí irú ìmọ̀ tí ó jẹ́, ibi tí a ti ń kọ́ ọ, àwọn ẹgbẹ́ tí ó rọ̀ mọ́ ọn, àti àyè tí ó wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó mọ èdè Yorùbá-Nàgó dájúdájú.

I. Irú ìmọ̀ tí ó jẹ́

Onímọ̀ ewéko a ka igi. Onímọ̀ omi a wọn odò. Onímọ̀ ojú-ọjọ́ a kọ iye òjò tí ó rọ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ olùwádìí ènìyàn àti àyíká yàtọ̀. Òun ni ó ń bèèrè pé: ta ni ó ni igi náà? Ta ni ó lè gé e, ta ni kò sì gbọdọ̀ gé e? Ta ni ó ń pàṣẹ, kí ni ó sì ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó bá rú òfin? Nígbà tí òjò kò bá rọ̀ ní àsìkò rẹ̀, ta ni ebi kọ́kọ́ ń pa, ta ni ó sì ń ṣí lọ sí ibòmíràn? Ìmọ̀ àwùjọ, ìmọ̀ ọrọ̀-ajé, ìmọ̀ ìtàn, ìmọ̀ òfin àti ìmọ̀ èdè ni ó pàdé nínú iṣẹ́ yìí.

Àpẹẹrẹ kan tí ó sún mọ́ ilé ni ti igbó òrìṣà. Ìwádìí tí Agbo àti Sokpon ṣe ní ọdún 1998 ka igbó 2,940 irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí àpapọ̀ wọn jẹ́ hẹ́kítà 18,360. Bí a bá pín in dọ́gba, ohun tí ó kan igbó kọ̀ọ̀kan kò ju hẹ́kítà mẹ́fà àti díẹ̀ lọ. Igbó kékeré ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ní gúúsù, níbi tí oko, ọ̀pẹ àti ilé ti gba ilẹ̀ tán, inú wọn ni àwọn igi àtijọ́ kan ṣẹ́ kù sí. Onímọ̀ ewéko lè sọ orúkọ gbogbo igi tí ó wà nínú igbó Orò kan. Kò lè ti ara igi mọ ìdí tí igbó náà fi wà títí di òní nígbà tí èyí tí ó wà ní ìlú kejì ti parẹ́. Ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn ni ìdí náà wà: lọ́dọ̀ ìdílé tí ó ń ṣọ́ ọ, nínú èèwọ̀ tí a fi dè é, nínú àríyànjiyàn tí ó wà láàárín àwọn ọmọ tí ó fẹ́ ta ilẹ̀ àti àwọn tí kò fẹ́.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2012, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ gbé ìwé àṣẹ kan jáde lórí bí a ó ṣe máa tọ́jú àwọn igbó òrìṣà. Láti ìgbà náà, kíkọ orúkọ igbó, ààlà rẹ̀ àti àwọn tí ó ni ín sílẹ̀ ti di ohun tí ó lè dáàbò bò ó níwájú òfin. Bí ẹni tí ó kọ ọ́ bá ṣì í kọ, ẹni tí kò ni igbó lè di onígbó. Nítorí náà, iṣẹ́ yìí kì í ṣe eré ọmọ ilé-ìwé. Ohun tí a bá kọ sílẹ̀ lónìí ni a ó fi ṣe ẹjọ́ lọ́la.

II. Èdè gẹ́gẹ́ bí irinṣẹ́ ìwádìí

Ọ̀rọ̀ náà «àyíká» ni ìwé àti rédíò ń lò fún ilẹ̀, omi, afẹ́fẹ́, ẹranko àti igi lápapọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àgbà tí kò ka ìwé, àyíká ilé ni ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn. Bí a bá bi í pé kí ni ó ń ṣe láti tọ́jú àyíká, ó lè dáhùn pé òun ń gbálẹ̀ ní òwúrọ̀, òun sì ń kó pàǹtí dànù. Àgbà náà kò purọ́. Ìbéèrè ni kò bá ohun tí olùwádìí fẹ́ mọ̀ mu. Bí olùwádìí bá wá kọ ọ́ pé àwọn ará ìlú yìí kò mọ nǹkan kan nípa ìtọ́jú igbó, ó ti ṣẹ̀ wọ́n. Ó sì ṣeé ṣe kí ẹni tí ó dá a lóhùn jẹ́ ẹni tí ó mọ orúkọ igi ọgọ́rùn-ún, àti àsìkò tí a gbọdọ̀ já ewé kọ̀ọ̀kan.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ «igbó». Igbó lè jẹ́ igbó kìjikìji. Ó lè jẹ́ oko tí a fi sílẹ̀ kí ilẹ̀ rẹ̀ sinmi. Ó lè jẹ́ ojúbọ. Ọ̀dàn yàtọ̀ sí i, ẹgàn yàtọ̀ sí i, lílò àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò sì dọ́gba ní gbogbo ibi, láti Kétu dé Ìdáàṣà, láti Ìdáàṣà dé ọ̀dọ̀ àwọn Ifẹ̀ ti Àtakpamé ní ilẹ̀ Tógò. Àwòrán ilẹ̀ tí ó bá pe gbogbo wọn ní orúkọ kan ṣoṣo ní èdè Faransé yóò sọ ilẹ̀ tí ẹbí kan fi sílẹ̀ fún ọdún díẹ̀ di igbó tí kò ní olúwa.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni ó léwu jù. Nínú èdè Yorùbá, a mọ ẹni tí ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí rẹ̀; a mọ ẹni tí a fún ní ilẹ̀ kí ó máa dáko, tí ó sì ń san ìṣákọ́lẹ̀; a mọ ẹni tí a fi oko dógò fún; a mọ ẹni tí ó ni igi ṣùgbọ́n tí kò ni ilẹ̀ tí igi náà dúró lé. Obìnrin tí ń ṣa èso ẹ̀mí tàbí tí ń ká igbá tí a fi ń ṣe irú lórí oko ẹlòmíràn ní ẹ̀tọ́ tí gbogbo ìlú mọ̀, bí kò tilẹ̀ ní ìwé kankan. Òfin ilẹ̀ tí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ṣe ní ọdún 2013, tí a sì tún ṣe ní ọdún 2017, fi àyè sílẹ̀ fún kíkọ ẹ̀tọ́ tí ó ti inú àṣà wá sínú ìwé. Ṣùgbọ́n Faransé ni a fi ń kọ ìwé náà. Bí ògbufọ̀ bá tú «ẹni tí ń dáko níbẹ̀» sí «onílẹ̀», tàbí tí ó gbàgbé obìnrin tí ń ṣa èso, ìwé ti gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan láìsí ìjà, láìsí ariwo.

Ohun tí èyí fi hàn ni pé ẹni tí ó mọ èdè dájú wúlò ju ẹni tí a ń pè láti túmọ̀ gbólóhùn lọ. Ohun tí ó kù ni pé kí ó kọ́ ọ̀nà ìwádìí.

III. Ibi tí a ti ń kọ́ni

Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ̀kọ́ nípa ọrọ̀-ajé àti ìgbé-ayé àwọn ará oko wà nínú ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Yunifásítì Abomey-Calavi, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1970, àti ní Yunifásítì Parakou, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2001. Ìlú Kétu náà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti iṣẹ́ àgbẹ̀ láti ọdún 2013, èyí tí ó ti di apá kan Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Kì í ṣe ohun kékeré pé ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ wà láàárín àwọn tí ń sọ Yorùbá: akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ mọ bí àgbẹ̀ ṣe ń ronú nípa ilẹ̀ rẹ̀ kò ní rìn jìnnà kí ó tó rí ẹni tí yóò bi léèrè.

Fún àwọn tí ó ti gba oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì, ètò tí ó gbòòrò jù ní apá yìí ni WASCAL. Ìjọba Jámánì àti ìjọba orílẹ̀-èdè mẹ́wàá ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ó pawọ́ pọ̀ dá a sílẹ̀ ní ọdún 2012 láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ nípa àyípadà ojú-ọjọ́ àti lílo ilẹ̀. Olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Accra, ibùdó ìwádìí rẹ̀ sì wà ní Ouagadougou. Yunifásítì kọ̀ọ̀kan tí ó wà nínú ètò náà ní ohun tí ó ń kọ́ni: ní Lomé, a ń kọ́ nípa àyípadà ojú-ọjọ́ àti ààbò ẹ̀mí ènìyàn, ní Dakar, nípa ọrọ̀-ajé àyípadà ojú-ọjọ́, ní Abomey-Calavi, nípa omi, ní Àkúrẹ́, nípa bí ojú-ọjọ́ apá yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Èyí tí ó wà ní Lomé ni ó bá ọ̀rọ̀ tí a ń sọ yìí mu jù, nítorí pé ènìyàn ni ó fi ṣe àárín: ìjà lórí ilẹ̀ àti omi, ìṣílọ láti ìlú dé ìlú, ebi àti ìlera. Láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ni a ti ń yan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ sí kíláàsì kan, a sì ń fún wọn ní owó ẹ̀kọ́.

Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà náà dá Yunifásítì Gbogbo Áfíríkà sílẹ̀ ní ọdún 2011, ó sì pín ẹ̀ka rẹ̀ sí agbègbè ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹ̀ka tí ó kan ẹ̀dá alààyè, ilẹ̀, ìlera àti iṣẹ́ àgbẹ̀ wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ìtọ́jú àyíká sì wà lára ohun tí a ń kọ́ níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ láti orílẹ̀-èdè Áfíríkà èyíkéyìí ni ó lè béèrè àyè. Ọmọ Àjàṣẹ́ tàbí ti Ìpòbẹ́ tí ó bá dé Ìbàdàn yóò bá èdè rẹ̀ pàdé ní ọjà àti ní òpópónà, bí ohùn rẹ̀ tilẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ ìwádìí tí ó yẹ kí a dúró lé lórí díẹ̀ ni LASDEL. Niamey ni a ti dá a sílẹ̀ ní ọdún 2001, ó sì ní ẹ̀ka ní Parakou láti ọdún 2004. Ìwádìí lórí bí ìjọba, ìlera, omi àti ilẹ̀ ṣe ń rí ní ojú àwọn ará ìlú ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá a sílẹ̀, Jean-Pierre Olivier de Sardan, ti ṣe ìwé kan ní ọdún 1982 lórí àwọn ọ̀rọ̀ àti èrò inú èdè Songhay-Zarma. Ìwé náà jọ ìwé atúmọ̀-èdè, ṣùgbọ́n ìmọ̀ àwùjọ ni ó ń ṣe: láti inú ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ń lò ni ó ti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń gbé ayé. Títí di òní, ìlànà tí ó ń kọ́ni ni pé kí olùwádìí máa béèrè ọ̀rọ̀ ní èdè ẹni tí ó ń bi, kí ó sì tọ́jú ọ̀rọ̀ náà gan-an, kí ó má ṣe yára sọ ọ́ di Faransé.

Òun àti Thomas Bierschenk, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ni ó ṣètò ọ̀nà ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tí a ń pè ní ECRIS. Ọ̀nà náà rọrùn láti ṣàlàyé. Àwọn olùwádìí àti akẹ́kọ̀ọ́ a kó ara wọn jọ, wọ́n a gbé pọ̀ ní ìlú kan fún ọjọ́ díẹ̀. Ní ọ̀sán, wọ́n a pín ara wọn sí méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan a lọ sọ́dọ̀ irú àwọn ènìyàn kan: àgbà ìdílé, àwọn obìnrin, àwọn àlejò tí ń dáko, àwọn darandaran, àwọn aláṣẹ. Ní alẹ́, gbogbo wọn a jókòó, wọ́n a sì fi ohun tí ẹnìkọ̀ọ̀kan gbọ́ wéra. Ìjà àti àríyànjiyàn ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá, kì í ṣe nítorí pé wọ́n fẹ́ràn ìjà, ṣùgbọ́n nítorí pé ibi tí ìjà bá wà ni a ti ń mọ ẹni tí ó wà pẹ̀lú ẹni. Bí darandaran àti àgbẹ̀ bá ń jà lórí ojú-omi kan, kò ní pẹ́ tí a ó fi mọ ẹni tí ó gba owó, ẹni tí ó fún ni láyè, àti ẹni tí a kò fi ọ̀rọ̀ lọ̀. Lẹ́yìn èyí, olúkúlùkù a dá dúró ní ìlú tirẹ̀ fún ìwádìí tí ó pẹ́, kí gbogbo wọn tó tún pàdé láti fi èsì wé èsì. Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni a ti lo ọ̀nà yìí dáadáa. Ìwé tí ó ti inú rẹ̀ jáde lórí agbára ní ìletò ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wáyé ní ọdún 1998. Olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tí ó bá bá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan yóò kọ́ ohun tí ìwé nìkan kò lè kọ́ ọ.

IV. Àwọn ẹgbẹ́ tí ń so olùwádìí pọ̀

Ẹni tí ó bá kọ́ṣẹ́ tí kò sì ní ẹgbẹ́ yóò máa sọ̀rọ̀ fún ara rẹ̀. Mẹ́rin nínú àwọn ẹgbẹ́ tí ó wà ni a ó mẹ́nu bà.

Èkíní ni ẹgbẹ́ àgbáyé fún ìwádìí ohun àjùmọ̀ní, IASC, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1989. Ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti inú àríyànjiyàn kan. Ní ọdún 1968, Garrett Hardin, onímọ̀ ẹ̀dá alààyè ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ pé ohun tí ó bá jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, bíi pápá ìjẹko, kò lè ṣàì bàjẹ́, nítorí pé olúkúlùkù yóò máa wá èrè tirẹ̀. Elinor Ostrom kò fara mọ́ ọn. Ó kó ẹ̀rí jọ láti orí òkè Switzerland, láti Japan, láti Sípéènì àti láti Philippines, níbi tí àwọn ará oko ti pawọ́ pọ̀ tọ́jú pápá, igbó àti omi fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1990, ó to ohun mẹ́jọ tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí ó ṣe àṣeyọrí: ààlà tí gbogbo ènìyàn mọ̀, òfin tí ó bá ibẹ̀ mu, ohùn fún àwọn tí òfin dè, àwọn tí ń ṣọ́ ọ, ìjìyà tí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí kékeré, ọ̀nà ìparí ìjà tí kò wọ́n, ìjọba tí kò dí wọn lọ́wọ́, àti ẹgbẹ́ kékeré nínú ẹgbẹ́ ńlá. Ní ọdún 2009, ó di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀-ajé. Ẹni tí ó bá ti rí bí a ṣe ń ṣọ́ igbó Orò yóò dá púpọ̀ nínú ohun mẹ́jọ náà mọ̀.

Ostrom àti ọkọ rẹ̀, Vincent, dá ilé ìwádìí kan sílẹ̀ ní Yunifásítì Indiana ní ọdún 1973, wọ́n sì fún un ní orúkọ tí à ń pe ibi iṣẹ́ ọwọ́. Ọ̀dọ̀ káfíńtà kan tí wọ́n bá ṣe àga àti tábìlì ni wọ́n ti rí i pé iṣẹ́ ìmọ̀ náà lè rí bí iṣẹ́ ọwọ́, kí ọ̀gá àti ọmọ-iṣẹ́ máa ṣe é pọ̀. Yunifásítì náà ní àkójọ ìwé lórí ohun àjùmọ̀ní tí ẹnikẹ́ni lè kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsan owó. Ẹgbẹ́ IASC fúnra rẹ̀ ń ṣe ìpàdé ńlá láti ìgbà dé ìgbà. Ó ti ṣe é ní ilẹ̀ Áfíríkà, ní Victoria Falls ní ọdún 2002 àti ní Nairobi ní ọdún 2023.

Èkejì ni ẹgbẹ́ àgbáyé fún ìmọ̀ ìbáṣepọ̀ ènìyàn pẹ̀lú ewéko àti ẹranko, tí a dá sílẹ̀ ní Belém ní ilẹ̀ Bràsíl ní ọdún 1988. Ìpàdé rẹ̀ ti ọdún 2016 wáyé ní Kampala. Ohun tí ó mú kí ẹgbẹ́ yìí yàtọ̀ ni ìlànà ìwà tí ó fọwọ́ sí ní ọdún 2006: pé olùwádìí gbọdọ̀ kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ yékéyéké kí ó tó gba àṣẹ lọ́wọ́ ìlú, àti pé èsì gbọdọ̀ padà sọ́dọ̀ àwọn tí ó fún un ní ìmọ̀.

Ẹ̀kẹta ni CODESRIA, ìgbìmọ̀ ìwádìí ìmọ̀ àwùjọ ní Áfíríkà, tí ó wà ní Dakar láti ọdún 1973. Ó ti ran ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ olùwádìí lọ́wọ́ pẹ̀lú owó àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ó sì ń tẹ ìwé jáde ní èdè Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú èdè mìíràn.

Ẹ̀kẹrin ni IPBES, àjọ tí àwọn ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 2012 láti máa ṣe àkójọ ohun tí a mọ̀ nípa ẹ̀dá alààyè, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Bonn. Ó ń gba àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ sí ẹgbẹ́ àwọn àgbà tí ń kọ ìwé ìgbéléwọ̀n, ó sì ka ìmọ̀ àwọn ará ìbílẹ̀ sí ìmọ̀. Ìwé rẹ̀ lórí ilẹ̀ Áfíríkà jáde ní ọdún 2018.

V. Àwọn ohun tí ó ń dí ọ̀nà

Ohun àkọ́kọ́ ni èdè ìkọ́ni. Gẹ̀ẹ́sì ni WASCAL fi ń kọ́ni, àní ní Lomé àti ní Abomey-Calavi. Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ tí ó kàwé ní Faransé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ borí Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó kọ́ ohun tí ó wá kọ́, lẹ́yìn náà ni yóò padà lọ bèèrè ọ̀rọ̀ ní Yorùbá. Èdè mẹ́ta ni ó wà nínú iṣẹ́ kan. Èyí tí ìmọ̀ náà ti wá ni a kì í dán ẹnikẹ́ni wò lórí rẹ̀.

Èkejì ni ìwé-ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó mọ ìlú àti èdè jù kò ní oyè yunifásítì, àwọn ètò tí a kà sókè yìí kò sì ní àyè fún wọn gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀nà tí ó ṣí sílẹ̀ fún wọn ni ti iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe: kí a gbà wọ́n sí ẹgbẹ́ ìwádìí láti ìbẹ̀rẹ̀, kí a sì kọ orúkọ wọn sínú ìwé tí ó bá jáde.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni ìmọ̀. Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí a tẹ̀ ní Ifá ní Kétu ní ọdún 1953 tí ó sì ń jẹ́ Fátúmbí, kó orúkọ àti ìlò ewé Yorùbá jọ. Yunifásítì Ifẹ̀ tẹ ìwé kékeré rẹ̀ lórí ewé Ọ̀sanyìn jáde ní ọdún 1967. Ìwé ńlá rẹ̀, Ewé, jáde ní Bràsíl ní ọdún 1995, ní èdè Potogí. Ìwé náà ṣe pàtàkì, nítorí pé ó fi hàn pé orúkọ ewé àti ọ̀rọ̀ tí a ń pè sí i kò ṣeé yà kúrò lára ìlò rẹ̀. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn tí ń gbé ní Kétu lónìí ni ó lè kà á? Àdéhùn Nagoya ti ọdún 2010, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2014 tí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ sì fọwọ́ sí, sọ pé àwọn tí ìmọ̀ ti ọ̀dọ̀ wọn wá gbọ́dọ̀ ní ìpín nínú èrè rẹ̀. Èrè kì í ṣe owó nìkan. Ìwé tí ènìyàn lè kà ní èdè rẹ̀ jẹ́ èrè pẹ̀lú.

VI. Ohun tí olùkọ́ àti olùwádìí lè ṣe

Èkíní, kí olùkọ́ tí a bá pè sí iṣẹ́ ògbufọ̀ béèrè ìwé ìbéèrè ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́. Kí ó ka gbólóhùn kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú olùwádìí, kí ó sì fi hàn án ibi tí ọ̀rọ̀ bí «àyíká» tàbí «onílẹ̀» yóò ti ṣini lọ́nà. Ìdajì wákàtí tí a bá lò báyìí lè gba odindi ìwádìí là.

Èkejì, kí ó ní ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀. Kí ó máa kọ orúkọ igi, irú ilẹ̀, irú òjò àti irú ẹ̀tọ́ sínú rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ìlú tí ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Kí ó kọ ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀nà ìkọ̀wé méjèèjì: èyí tí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ń lò, tí ó ní ɛ, ɔ àti sh, àti èyí tí ilẹ̀ Nàìjíríà ń lò, tí ó ní ẹ, ọ àti ṣ. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ewé kan náà yóò jọ ewé méjì lójú ẹni tí ń wá a nínú àkójọ.

Ẹ̀kẹta, kí a bá olùwádìí ṣe àdéhùn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ pé ìròyìn kúkúrú yóò padà wá ní Yorùbá-Nàgó. Ojú-ìwé mẹ́rin ti tó. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ń wá: ohun tí ó kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tí a fi ọ̀rọ̀ tiwọn kọ, tí wọ́n sì lè tún ṣe bí ó bá ní àṣìṣe.

Ẹ̀kẹrin, kí a má ṣe dúró de ẹgbẹ́ tí ó wà ní òkèèrè nìkan. Àdéhùn tí àwọn Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 1889 pín ilẹ̀ Kétu sí méjì: Kétu wà ní ìhà kan, Ìmẹ̀kọ wà ní ìhà kejì. Láti ìgbà náà ni ọmọ ìyá kan ti ń kàwé ní Faransé tí èkejì ń kàwé ní Gẹ̀ẹ́sì. Olùwádìí tí ó wà ní Kétu àti èyí tí ó wà ní Ìmẹ̀kọ ń wo ilẹ̀ kan náà, igi kan náà àti darandaran kan náà, wọn kì í sì í ka ìwé ara wọn. Yorùbá ni èdè tí àwọn méjèèjì gbọ́. Bí wọ́n bá ń pàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún láti fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀ àti èsì wé èsì, ẹgbẹ́ ìmọ̀ nìyẹn, bí kò tilẹ̀ ní orúkọ ńlá.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Yunifásítì ní ọ̀nà ìwádìí àti owó. Ìlú ní ìmọ̀ àti èdè. Olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ni ó dúró láàárín àwọn méjèèjì. Bí ó bá kọ́ ọ̀nà ìwádìí tí ó sì wọ ẹgbẹ́, ìbéèrè tí a óò máa bi àwọn àgbà yóò sunwọ̀n sí i, ìdáhùn wọn yóò sì lè padà wá sílé ní èdè tí wọ́n fi sọ ọ́.